Àdúrà méjì nínú ìpàdé kan: ṣé Ọlọ́run kan náà ni Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí ń pè?

Àkúrẹ́ ni ìbéèrè yìí ti wá. Ẹni tó béèrè sọ pé Mùsùlùmí ni bàbá òun, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà sì ni ìyá òun ń lọ. Bí ẹbí bá ti péjọ, ìbáà jẹ́ ìsọmọlórúkọ, ìbáà jẹ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìbáà jẹ́ ìpàdé oṣooṣù, bákan náà ni wọ́n ń ṣe é: onígbàgbọ́ á fi àdúrà ṣí i, Mùsùlùmí á fi àdúrà pa á dé. Bàbá rẹ̀ a máa ṣe Àmín dáadáa, àyàfi tí pásítọ̀ bá dé "ní orúkọ Jésù", ibẹ̀ ni yóò dákẹ́. Ó wá béèrè pé kí ni ìtumọ̀ àṣà yìí gan-an? Ṣé ohun tí àwọn àgbà ń fi yé wa ni pé Ọlọ́run kan náà ni wọ́n jọ ń pè, tí kò sí ìyàtọ̀ kankan? Àbí wọ́n kàn fi ń dènà ìjà ni?

Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè, nítorí ìdáhùn méjì tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fún ìbéèrè yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan á ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn mìíràn á ní ọlọ́run àjèjì ni àwọn tó kù ń sìn, débi pé wọn kò ní jẹ ẹran Iléyá tí ẹ̀gbọ́n wọn gbé wá. Àwọn méjèèjì kò tíì fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ nípa Ọlọ́run.

Èrò tèmi ni pé àṣà náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ẹlẹ́dàá kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì kọjú sí. Irú ẹni tí Ẹlẹ́dàá náà jẹ́ ni wọn kò fẹnu kò lé lórí, ìyàtọ̀ ibẹ̀ sì jinlẹ̀.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú àṣà náà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé, ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọ̀sán náà kò tíì pẹ́ púpọ̀: ọdún 1877 ni Charles Phillips, òjíṣẹ́ CMS (ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà), wá fi ìlú Oǹdó ṣe ibùgbé láti máa wàásù níbẹ̀. Kí ìsìn méjèèjì tó fìdí múlẹ̀, olórí ẹbí ti ń fi omi tútù àti obì gbàdúrà fún ilé, ó sì mọ Olódùmarè ní Ẹni tó ni ìpín gbogbo ẹ̀dá. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá kan náà wá pín sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò pín ilé. Krìstẹ́nì pọ̀ ju Mùsùlùmí lọ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, síbẹ̀ agbo ilé ńlá tí o kò ní bá àwọn méjèèjì kò wọ́pọ̀. Inú irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ ni àdúrà méjì ti jáde. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ló kọ́kọ́ ń sọ kó tó sọ ti Ọlọ́run: pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀ nítorí ibi tó ti ń kírun tàbí ibi tó ti ń kọrin. Ó máa ń dùn mí pé àwọn oníṣẹ̀ṣe, tí àdúrà tiwọn ló kọ́kọ́ dún nínú ilé wọ̀nyí, kì í sábà rí àyè nínú ètò náà mọ́.

Ní ti Àmín, bàbá rẹ kò ṣe àìdáa. Ìbéèrè inú àdúrà ni ó ń ṣe Àmín sí: ẹ̀mí gígùn, ọmọ tí yóò yàn, ìrìn-àjò tí kò ní léwu. Ní ìgbà tí ó bá kan ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà, ó dákẹ́, kò pariwo, kò dìde. Ìyá rẹ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí àáfáà bá ń ka ohun tí òun kò gbà. Àṣà yìí kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni gba ìgbàgbọ́ ẹnì kejì. Ohun tó béèrè ni pé kí o jókòó tì í, kí o sì fẹ́ ire rẹ̀.

Ó wá ku Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Ibi tí ìsìn méjèèjì ti pàdé kò gba àlàyé púpọ̀. Ọlọ́run kan ni, kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin. Òun ló dá ohun gbogbo, ó ń rí ohun gbogbo, ó rán Ábúráhámù, Mósè àti Dáfídì, ó ń gbọ́ àdúrà, yóò sì ṣe ìdájọ́ ní ọjọ́ ìkẹyìn. "Gbọ́, Ísírẹ́lì: Olúwa Ọlọ́run wa, Olúwa kan ni" wà nínú Diutarónómì 6:4, Jésù sì tún un sọ nínú Máàkù 12:29 gẹ́gẹ́ bí èyí tó ṣáájú nínú gbogbo òfin. Mùsùlùmí tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn kò ní rí ohun tí yóò jà sí nínú rẹ̀.

Mẹ́talọ́kan ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú ìjà náà sì dá lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Ní nǹkan bí ọdún 781, ní Bàgídádì, al-Mahdi tó jẹ́ kálífà, ìyẹn olórí ìjọba àwọn Mùsùlùmí, pe Timothy, olórí ìjọ Krìstẹ́nì ti Ìlà-Oòrùn, wọ́n sì fi ọjọ́ méjì jíròrò lórí ìgbàgbọ́. Ohun tí kálífà kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀ ni pé kò yẹ kí ọ̀mọ̀wé bíi tirẹ̀ máa sọ pé Ọlọ́run fẹ́ obìnrin, tó sì fi í bí ọmọ. Timothy dáhùn pé ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ òdì bẹ́ẹ̀? Òun náà kò gbà á. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀fà ọdún tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà, títí di òní ni àwọn Mùsùlùmí kan ní Àkúrẹ́ ṣì rò pé ohun tí Krìstẹ́nì ń sọ nìyẹn, tí Krìstẹ́nì mìíràn kò sì lè ṣàlàyé ohun tí òun ń sọ.

Ohun tí ìjọ sọ ni èyí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Nísíà ní ọdún 325, òmíràn péjọ sí Kọnstantinópù ní 381. Wọ́n ní Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ jẹ́ Ọlọ́run kan, ní ìwàláàyè kan ṣoṣo. Ti pé Ọmọ ti ọ̀dọ̀ Baba wá kò ní obìnrin nínú, kò sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jáde láti inú ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdríà, ló fa ìpàdé àkọ́kọ́: ó ní ẹ̀dá ni Ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ga jù nínú ẹ̀dá, àti pé ìgbà kan wà tí kò sí. Ìjọ kọ̀ ọ́. Mo sì ti gbọ́ Krìstẹ́nì púpọ̀ tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ Arius láìmọ̀, tí wọ́n á máa ṣe bí ẹni pé igbákejì Ọlọ́run ni Jésù. Bí Mùsùlùmí bá gbọ́ ìyẹn tó pè é ní ṣìíríkì, ìyẹn fífi ẹ̀dá ṣe orogún Ọlọ́run, Áńgílíkà tó mọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní St. David's, Ìjọ̀mu, yóò gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn oníwàásù tún máa ń ní omi ni: ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ yìnyín, ó lè jẹ́ ooru omi gbígbóná. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sabellius ni, tí ìjọ ti kọ̀ láti ọ̀rúndún kẹta, pé ẹnì kan ló ń pààrọ̀ aṣọ. Nígbà ìrìbọmi ní Jọ́dánì, Ọmọ wà nínú omi, Ẹ̀mí ń sọ̀ kalẹ̀, ohùn Baba ń ti ọ̀run wá, lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló wá dé tí Krìstẹ́nì fi di ọ̀rọ̀ tó ṣòroó sọ yìí mú? Nítorí Jòhánù kìíní 4:8 ni: ìfẹ́ ni Ọlọ́run. Bí ìfẹ́ bá jẹ́ ìwà rẹ̀ láti ayérayé, ta ló ń fẹ́ràn kí ó tó dá ẹnikẹ́ni? Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, tó kú ní ọdún 430, ronú lórí èyí gidigidi. Ìdáhùn ìjọ ni pé nínú Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ìfẹ́ ti wà, láàárín Baba àti Ọmọ nínú Ẹ̀mí. Ayé ò tíì sí, ìfẹ́ ti wà.

Ibẹ̀ gan-an ni Mùsùlùmí yóò ti sọ pé rárá. Ọlọ́run kò nílò kí a wá ẹnikẹ́ni tì í kí ó tó pé. Súrà kejìléláàádọ́fà, tí gbogbo ọmọ kéú ti há sórí, ẹsẹ mẹ́rin péré ni: Sọ pé, Òun ni Ọlọ́run, Ọ̀kan ṣoṣo. Ọlọ́run tí gbogbo ẹ̀dá gbójú lé. Kò bímọ, a kò sì bí I. Kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá A dọ́gba. Hàdíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ańábì tí wọ́n gbà sílẹ̀, sọ pé súrà kékeré yìí tó ìdá mẹ́ta Àlùkùránì. Ìyẹn ni tàwíìdì. Kì í kàn ṣe pé Ọlọ́run jẹ́ ẹyọ kan, ó tún túmọ̀ sí pé kò ní ìpín nínú, kò ní orogún, kò sì sí ohun tí a lè fi wé e. "Kò sí ohunkóhun tí ó dà bí Rẹ̀", Àlùkùránì 42:11. Ẹni tó bá kú sórí ṣìíríkì, tí kò ronú pìwà dà, ohun kan ṣoṣo tí 4:48 sọ pé Ọlọ́run kò ní forí jì ló gbé lọ.

Kí Krìstẹ́nì má sì rò pé Ọlọ́run tàwíìdì jìnnà. Àlùkùránì 50:16 sọ pé Ọlọ́run sún mọ́ ènìyàn ju iṣan ọrùn rẹ̀ lọ. Wo orúkọ àwọn bàbá wa: Ràsákì, Gàníyù, Wàhábù, Látìfù. Bí a bá pè wọ́n tán, Abdul ló ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹrú Olùpèsè, ẹrú Ẹni tó tó tán tí kò nílò ẹnikẹ́ni, ẹrú Ọlọ́rẹ, ẹrú Aláàánú tó ń ṣe é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn orúkọ Ọlọ́run mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n ti mú wọn. Ẹni tí ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń gbé ìwà Ọlọ́run kiri láàárín Àkúrẹ́ lójoojúmọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí jù lọ nìyí. Nígbà tí a bá ń fi ìsìn méjèèjì wéra, a máa ń fi Jésù wé Ańábì Muhammad, a ó fi Bíbélì wé Àlùkùránì. Kò bára mu bẹ́ẹ̀. Ohun tí Àlùkùránì jẹ́ fún Mùsùlùmí ni kí o fi wé ohun tí Jésù jẹ́ fún Krìstẹ́nì. "Ní àtètèkọ́ṣe ni Ọ̀rọ̀ wà," ni Jòhánù sọ, "Ọ̀rọ̀ sì wà pẹ̀lú Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ni Ọ̀rọ̀ náà." Ní ẹsẹ kẹrìnlá, Ọ̀rọ̀ náà di ara. Fún Mùsùlùmí, Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wá gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń ké, tí a ń há sórí, tí a kọ sínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá kó tó fọwọ́ kan Àlùkùránì, tí ọmọ ìjọ Kátólíìkì ní Sacred Heart, Àkúrẹ́, sì ń kúnlẹ̀ níwájú oúnjẹ mímọ́, nítorí ó gbà pé Jésù wà níbẹ̀. Kálukú ń bọlá fún ibi tí ó gbà pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ fúnra wọn rí ìjọra yìí, ó sì fa wàhálà ńlá. Ní ọdún 833, Kálífà al-Ma'mun pàṣẹ kí wọ́n yẹ àwọn adájọ́ àti ọ̀mọ̀wé wò lórí ìbéèrè kan: ṣé ẹ̀dá ni Àlùkùránì? Òun, bíi ti àwọn Mu'tazila, ìyẹn ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé kan láàárín Mùsùlùmí, ní ẹ̀dá ni. Nínú lẹ́tà rẹ̀, ó ní àwọn tó ń sọ pé kì í ṣe ẹ̀dá ti dà bí àwọn Krìstẹ́nì tó ń sọ pé Ísá (Jésù) ọmọ Mọ́ríámọ̀ (Màríà) kì í ṣe ẹ̀dá nítorí pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Ahmad ibn Hanbal, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan, kọ̀ láti gbà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé, ẹni tó jọba lẹ́yìn al-Ma'mun sì ní kí wọ́n nà án ní pàṣán. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tó yá, ìjọba fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ohun tí Ahmad dì mú ló sì borí láàárín àwọn Sunni títí dòní: ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe ẹ̀dá. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀mọ̀wé mìíràn, al-Ash'ari, wá wá ọ̀nà sọ ọ́ kí tàwíìdì má baà fọ́. Wọ́n ní àwọn àbùdá Ọlọ́run, bí ìmọ̀ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe òun gan-an, wọn kì í sì í ṣe ohun mìíràn yàtọ̀ sí i.

Ṣé o rí i? Ìbéèrè kan náà ló dojú kọ àwọn méjèèjì: ohun tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣé ó lè jẹ́ ti Ọlọ́run gan-an, láìjẹ́ ẹ̀dá, kí Ọlọ́run sì ṣì jẹ́ ọ̀kan? Àwọn méjèèjì ní ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ní àbùdá Ọlọ́run ni, kì í ṣe ẹnì kan, kò sì lè wọ ara ènìyàn láéláé. Krìstẹ́nì ní ẹnì kan ni, ó sì wọ ara ènìyàn, ebi pa á, ó sunkún, ó kú. Ẹni tó bá ń ka ení, èjì, ẹ̀ta láti fi ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà kò tíì dé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé ni bóyá Ọlọ́run lè fi ara rẹ̀ fún wa, àbí ìtọ́sọ́nà ló fi ránṣẹ́. Títóbi Ọlọ́run ni Mùsùlùmí ń dáàbò bò nígbà tó bá sọ pé kò lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ di ẹ̀dá. Títóbi rẹ̀ náà ni Krìstẹ́nì ń sọ nígbà tó bá ní ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kò sì dín kù.

Àlùkùránì náà pe Ísá ní Ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, nínú 4:171, ẹsẹ kan náà sì ní kí wọ́n má ṣe sọ "mẹ́ta". Bí àwọn Mùsùlùmí ṣe túmọ̀ rẹ̀ ni pé àṣẹ "Jẹ́" ni Ọlọ́run fi dá a sínú Mọ́ríámọ̀, bó ṣe dá Ádámọ̀. Nítorí náà, kí Krìstẹ́nì má fi ẹsẹ yẹn pa Mùsùlùmí lẹ́nu mọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Láti ibẹ̀ ni àwọn ìyàtọ̀ yòókù ti ṣàn wá. Krìstẹ́nì ń pe Ọlọ́run ní Baba, nítorí ó gbà pé Ọmọ ló fa òun wọ ilé. Mùsùlùmí kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹrú Ọlọ́run ni ipò tó ga jù tí ènìyàn lè ní. Ní ti ìdáríjì, Krìstẹ́nì ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ru ẹ̀ṣẹ̀ wa lórí àgbélébùú. Mùsùlùmí ní ẹnìkan kì í ru ẹrù ẹlòmíràn, Àlùkùránì 6:164, àti pé Ọlọ́run kò nílò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó forí jini. Ìronúpìwàdà tó, nítorí hàdíìsì sọ pé àánú rẹ̀ borí ìbínú rẹ̀. Súrà 113 nínú 114 ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ǹjẹ́ Ọlọ́run kan náà ni? Àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ti sọ ọ́ ṣáájú mi. Àlùkùránì 29:46 ní kí Mùsùlùmí sọ fún àwọn onítírà, ìyẹn àwọn Júù àti Krìstẹ́nì tí a fún ní ìwé, pé Ọlọ́run wa àti Ọlọ́run yín, ọ̀kan náà ni. Ní 1076, Póòpù Gregory Keje kọ̀wé sí ọba Mùsùlùmí kan ní Àríwá Áfíríkà pé Ọlọ́run kan ni àwọn jọ gbà gbọ́, bí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹ́wọ́ rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀. Ìpàdé Vatican Kejì ti ìjọ Kátólíìkì sọ ọ́ ní gbangba ní 1965 pé Mùsùlùmí ń sin Ọlọ́run kan, alààyè, aláàánú, Ẹlẹ́dàá ọ̀run òun ayé. Ní 2007, àwọn ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí 138 kọ lẹ́tà sí àwọn olórí ìjọ pé ìfẹ́ Ọlọ́run àti ìfẹ́ ọmọnìkejì ni ìsìn méjèèjì jọ dúró lé. Àwọn Krìstẹ́nì kan wà tí kò gbà, wọ́n ní ẹni tó bá kọ Ọmọ kò ní Baba, Jòhánù kìíní 2:23 ni wọ́n sì ń tọ́ka sí. Ẹsẹ yẹn wúwo, mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó báyìí, Júù tó ń ka Diutarónómì ń bọ òrìṣà nìyẹn, kò sì sí Krìstẹ́nì tí mo mọ̀ tó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí dì mú ni pé a lè pe ẹnì kan náà, kí a má sì mọ̀ ọ́n bákan náà, kí ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ ṣi í mọ̀ níbi tó ṣe pàtàkì.

Bí o bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, jókòó pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ, kí ẹ ka Jòhánù orí kìíní àti súrà kọkàndínlógún, tí ń jẹ́ Mọ́ríámọ̀, tẹ̀ léra, ní Yorùbá. Kí ìyá rẹ ka súrà náà sókè, kí bàbá rẹ ka Jòhánù. Kò sí ohun àjèjì nínú kí onígbàgbọ́ ka Àlùkùránì ní èdè wa: àlùfáà ìjọ CMS kan, M. S. Cole, ló kọ́kọ́ tú u sí Yorùbá, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1906.